Àlàfo Inú Ìwé: "Kò Sí" àti "A Kò Mọ̀"

Bí akọ̀wé kan bá gbé ìwé àti gègé lọ́wọ́, tí ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Sùúrùlérè láti kọ orúkọ àwọn ará ilé, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan àlàfo. Ó bi ìyá àgbà kan léèrè nọ́mbà tẹlifóònù rẹ̀. Ìyá ní òun kò ní tẹlifóònù. Ó bi í léèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìyá ní òun kò mọ̀ ọ́n, àfi pé ìgbà ogun Hitler ni wọ́n bí òun. Ó bi í léèrè ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó ní bàbá wà nínú yàrá, ó ń sùn. Àlàfo mẹ́ta ni akọ̀wé fi sílẹ̀ nínú ìwé. Lójú ẹni tí yóò kà á lọ́la, bákan náà ni gbogbo wọn rí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò bá ara wọn tan rárá.

Èdè wa kò da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. "Kò ní" yàtọ̀ sí "kò mọ̀". "Kò tíì" sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tí a bi pé ọmọ mélòó ni ó bí, tí ó ní òun kò bímọ, ti dáhùn: òdo ni iye náà, òdo kì í sì í ṣe àlàfo. Ìwé ni ó ń da ohun tí ẹnu ti yà sọ́tọ̀ pọ̀. Nígbà mìíràn akọ̀wé a tilẹ̀ fẹ́ bo àlàfo náà mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ àgbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn ni a kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún. Èyí burú ju àlàfo lọ, ní èrò tèmi, nítorí pé àlàfo a máa jẹ́wọ́ pé òun ṣófo, ṣùgbọ́n ọjọ́ àfọwọ́dá a máa ṣe bí òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 1955 ni ètò Lagos Executive Development Board, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928, bẹ̀rẹ̀ láti wó àwọn ilé kan ní àárín Èkó, tí a sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀ràn kàn wá sí Sùúrùlérè. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ni ó ń sọ ẹni tí yóò gba ilé. Bí ojú ìlà ẹnì kan bá ṣófo, ṣé kò ní ẹ̀tọ́ ni, àbí akọ̀wé kò bá a nílé? Ẹni tí ó bá ka èkejì sí èkínní ti gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Lónìí kọ̀ǹpútà ni ó ń tọ́jú ìwé. Ní 1965, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tony Hoare, tí ó ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní ALGOL W, fi ohun kan tí ó ń jẹ́ null sínú rẹ̀, nítorí pé ó rọrùn láti ṣe. Null dà bí àdírẹ́sì tí kò ní ilé: gbogbo ibi tí a ti retí ojúlé ni ó lè jókòó sí, kò sì sí àmì kankan tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀, ìgbà tí a bá kan ilẹ̀kùn ni a ó tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni a ń kàn. Ètò náà a sì ṣubú. Ní 2009 Hoare fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe òun tí ó ti ná aráyé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Edgar Codd, tí ó la ọ̀nà kíkó ìsọfúnni sínú tábìlì ní 1970, rí apá kejì ìṣòro náà: nínú ìwé rẹ̀ ti 1990 ó ní kí a lo àmì méjì, ọ̀kan fún ohun tí ó yẹ kí ó wà ṣùgbọ́n tí a kò mọ̀, ọ̀kan fún ohun tí kò kan ẹni náà rárá. A kò gbà á. Null kan ṣoṣo ni èdè SQL ní títí di òní.

Àwọn tí ń kọ ètò ní ọ̀nà tí a ń pè ní functional programming gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dà bí ọlọ: ohun tí a bá dà sí i nìkan ni ó ń pinnu ohun tí yóò jáde. Nítorí náà, bí ó bá ṣeé ṣe kí ohunkóhun má jáde, ọlọ gbọ́dọ̀ wí i ṣáájú. Nínú èdè Haskell, tí ó jáde ní 1990, Maybe ni orúkọ ohun tí wọ́n fi ń wí i; Rust ń pè é ní Option; Java náà mú Optional wọlé ní 2014. Ẹ jẹ́ kí a fi ti Haskell wé igbá tí a dé. Just ni igbá tí omi wà nínú rẹ̀, Nothing ni igbá òfìfo. Igbá kì í ṣe omi: ètò tí ó bá gbé igbá sẹ́nu bí omi, láìkọ́kọ́ ṣí i, kò ní kọjá lọ́wọ́ olùyẹ̀wò, kí ó tó ṣiṣẹ́ rárá. Bí a bá sì ń wá ilé kan ní òpópó Adéníran Ògúnsànyà, tí a fẹ́ mọ onílé rẹ̀, tí a tún fẹ́ nọ́mbà tẹlifóònù onílé náà, a lè so ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Níbi tí èyíkéyìí bá ti ṣófo, òfìfo ni àbájáde gbogbo rẹ̀, láìsí pé ohunkóhun wó.

Èyí tí ó wù mí jù ni pé igbá lè wà nínú igbá. Bí igbá òde bá ṣófo, a kò tíì bi ìyá léèrè. Bí igbá òde bá ní igbá nínú, tí ti inú sì ṣófo, a ti bi í, ó ní òun kò ní. Null kò lè ṣe èyí, nítorí pé null inú null, null náà ni.

Síbẹ̀ Nothing pàápàá yadi. Ó sọ pé igbá ṣófo, kò sọ ohun tí ó sọ ọ́ di òfìfo. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé, fún ìwé tí ẹ̀tọ́ ènìyàn rọ̀ mọ́, kí olùkọ ètò fúnra rẹ̀ dárúkọ àlàfo kọ̀ọ̀kan, ohun tí àwọn èdè wọ̀nyí gbà á láàyè láti ṣe: kò ní, a kò mọ̀, kò kàn án, a kò tíì bèèrè, ó kọ̀ láti sọ. Ó tilẹ̀ lè fi ohun díẹ̀ tí a mọ̀ sí i: ẹni tí a bí nígbà ogun Hitler, àárín 1939 sí 1945 ni kí a kọ fún un. Iṣẹ́ pọ̀ sí i o. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò ọjọ́ orí àwọn ará àdúgbò yóò ní láti sọ ohun tí yóò ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú irú àlàfo márùn-ún yẹn, olùyẹ̀wò a sì máa rán an létí èyí tí ó bá gbàgbé.