Àgbẹ̀ tó dáàbò bo ọmọ ogun Yorùbá ní Bọ́mà

Ọmọ Emùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni Isaac Fadoyebo. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, lásìkò ogun Hítílà. Bọ́mà ni wọ́n gbé e lọ.

Ní oṣù kẹta, 1944, àwọn ọmọ ogun Japan kọlù wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, wá fara pamọ́ sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, ló ń bọ́ wọn, ló tún gbà wọ́n sílé, bẹ́ẹ̀ ikú ni èrè rẹ̀ bí àṣírí bá tú. Oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn.

Ní 2011, lẹ́yìn ikú Shuyiman, lẹ́tà ọpẹ́ Fadoyebo dọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Fadoyebo náà kú ní 2012. Oore kì í gbé.