Bí A Ṣe Ń Fi Ìyàtọ̀ Ìfúnpá Ṣírò Eré Ohun Ṣíṣàn: Àyẹ̀wò Ọ̀pá Pitot

0. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ọ̀nà kan tí a ń gbà mọ bí omi tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré tó. Irin-iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí a ń pè ní ọ̀pá Pitot. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé eré ni ọ̀pá yìí ń wọ̀n. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìfúnpá ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé, àti pé ìṣirò tí a gbé ka ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni eré tí a ń kà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán lọ, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ti bá a lọ. A ó kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ nípa Henri Pitot, nípa ìṣirò rẹ̀, àti nípa ìlò ọ̀pá náà nínú ọkọ̀ òfurufú.

1. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Ohun ṣíṣàn ni a ó máa pe omi, epo, afẹ́fẹ́ àti ohunkóhun mìíràn tí kò ní ìrísí tirẹ̀, tó jẹ́ pé ìrísí ohun tí a bá dà á sí ni ó ń gbà. Ìfúnpá ni agbára tí irú ohun bẹ́ẹ̀ fi ń ti ojú ohun tó bá fara kàn, bí a bá pín agbára náà kárí ibi tó fara kàn.

Ìfúnpá méjì ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Èkíní ni ìfúnpá àtilẹ̀wá, èyí tí ohun ṣíṣàn ní, yálà ó ń sáré tàbí ó dúró. Òun ni ó máa ń dun òmùwẹ̀ létí bí ó bá rì lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Èkejì ni ìfúnpá àpapọ̀, èyí tí a ń rí níbi tí a bá ti dá ohun ṣíṣàn dúró, tí eré rẹ̀ fi di ìfúnpá kún èyí tó ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti ri igi mọ́lẹ̀ nínú odò tó ń sáré yóò ti ṣàkíyèsí pé omi máa ń ga díẹ̀ níwájú igi náà, ní apá ibi tí odò ti ń bọ̀. Eré tó di ìfúnpá ni ó gbé omi náà ga.

2. Henri Pitot àti odò Seine

Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Henri Pitot. Ní 1732 ni ó gbé irin-iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris. Ọ̀pá gíláàsì méjì ni ó so mọ́ ara igi kan. Ọ̀kan nà gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ sì kọ sí ìsàlẹ̀. Èkejì tẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Nígbà tí ó tẹ̀ wọ́n bọ odò Seine, omi inú èyí tó tẹ̀ ga ju ti èkejì lọ. Ìyàtọ̀ gíga yìí ni ó fi mọ eré odò náà.

Ṣáájú àkókò yìí, ohun tó léfòó ni wọ́n sábà fi ń wọn eré odò, ojú omi nìkan ni irú ohun bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́rìí sí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà nígbà náà pé bí omi bá ṣe jìn sí ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọ̀pá Pitot ni ó tú èrò yìí ká: eré ń dín kù bí a ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ odò.

Irin-iṣẹ́ náà ní àléébù. Omi inú rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, ó sì ṣòro láti kà nítòsí ojú odò. Láàárín 1850 sí 1858, Henry Darcy, tí òun náà jẹ́ ọmọ Faransé, dín ẹnu ọ̀pá náà kù kí omi inú rẹ̀ lè rọlẹ̀, ó sì fi ohun ìdérí sí i tí a lè fi sé omi náà mọ́ inú ọ̀pá kí a tó gbé e sókè kà. Lẹ́yìn náà ni Ludwig Prandtl, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, pa méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀pá kan ṣoṣo: ihò kan níwájú fún ìfúnpá àpapọ̀, àwọn ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìfúnpá àtilẹ̀wá.

3. Ìṣirò náà

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ Pitot ni Daniel Bernoulli tẹ ìwé rẹ̀, Hydrodynamica, jáde (1738). Nínú òfin tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè ni ìṣirò yìí ti jáde:

(1) ìfúnpá àpapọ̀ − ìfúnpá àtilẹ̀wá = ½ × ìwúwo × eré × eré

Ìwúwo níhìn-ín ni iye kílógíráàmù ohun ṣíṣàn tó lè kún àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ omi odò ni a ń wọ̀n, ìyàtọ̀ gíga inú ọ̀pá méjèèjì yóò rí báyìí:

(2) (a) mítà 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: sẹ̀ǹtímítà 5.1
(b) mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: sẹ̀ǹtímítà 20.4
(d) mítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: sẹ̀ǹtímítà 45.9

A rí i pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bákan náà ni ó ń yára kéré bí eré bá dín kù. Odò tó ń rìn ní ìdá mẹ́wàá mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ní fi ju ìdajì mìlímítà hàn, ojú lásán kò sì lè kà á. Ìdí nìyí tí ọ̀pá yìí fi dára fún ohun tó ń sáré púpọ̀, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún omi tó ń fà.

4. Ọ̀pá Pitot nínú ọkọ̀ òfurufú

Ojú ọ̀run ni ọ̀pá yìí ti gbilẹ̀ jù lónìí. Létí òkun, ìwúwo afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi kílógíráàmù 1.225. Ọkọ̀ tó ń sáré mítà 70 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan níbẹ̀ yóò fi ìyàtọ̀ bíi pascal 3,000 hàn. Ṣùgbọ́n ní gíga mítà 10,000, ìwúwo afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti etí òkun lọ. Bí ìyàtọ̀ kan náà bá hàn níbẹ̀, eré ọkọ̀ náà gan-an yóò tó ìlọ́po 1.7 ti ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ ìfúnpá yìí ṣe pàtàkì fún awakọ̀, nítorí pé òun náà ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé apá ọkọ̀ dúró gbára lé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹlẹ́rìí méjì ni ìṣirò (1) ní. Bí ọ̀kan bá yadi, irin-iṣẹ́ náà kò ní dákẹ́. Yóò máa dá ẹjọ́ lọ.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, 1996, ọkọ̀ Birgenair kan gbéra ní Puerto Plata ní Dominican Republic. Àwọn olùwádìí gbà pé ihò iwájú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá rẹ̀ ti dí, bóyá nípa iṣẹ́ kòkòrò, nítorí pé wọn kò bò ó nígbà tí ọkọ̀ náà wà nílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìfúnpá tó há sínú ọ̀pá náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìfúnpá àtilẹ̀wá ń dín kù bí ọkọ̀ ti ń gòkè. Nítorí náà ìyàtọ̀ ń pọ̀ sí i, irin-iṣẹ́ iwájú ọ̀gá awakọ̀ sì ń sọ pé eré ti pọ̀ jù, nígbà tí eré ń tán lọ. Ènìyàn 189 ló kú.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ẹlẹ́rìí kejì ni ó yadi. Wọ́n fọ ọkọ̀ Aeroperú kan ní Lima, wọ́n sì gbàgbé téèpù tí wọ́n fi bo àwọn ihò ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ náà gbéra lóru. Eré àti gíga tí awakọ̀ ń kà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ó sì já sínú òkun. Ènìyàn 70 ló kú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, 2009, yìnyín dí àwọn ọ̀pá ọkọ̀ Air France 447 lórí òkun Àtìláńtíìkì, fún àkókò tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ jáwọ́. Àwọn awakọ̀ kò sì mọ bí wọn yóò ti ṣe é kí ó má baà já. Ènìyàn 228 ló bá a lọ.

5. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìyàtọ̀ ìfúnpá ni ọ̀pá Pitot ń fún wa, àti pé ohun mẹ́ta ni ìṣirò eré dúró lé: kí ihò iwájú là, kí ihò ẹ̀gbẹ́ là, kí a sì mọ ìwúwo ohun tó ń ṣàn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, nọ́ńbà tí a ń kà yóò ṣì jọ òtítọ́. Èrò wa ni pé kí a tó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò (1), ó yẹ kí a kọ́ ọ láti bi irin-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ó fara kàn gan-an, àti ohun tí a kàn ṣírò láti inú rẹ̀.