Ẹ Sọ̀rọ̀ Kí Wọ́n Tó Fi Kún Owó Iná

Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa kò lè dédé fi kún owó iná. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣàkóso rẹ̀, kó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ gbà àti ìdí rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ ká fọhùn. Ọ̀pọ̀ wa kì í pariwo àfìgbà tí bílì bá dé, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àjọ tó ni àdúgbò yín. Àjọ NERC ní Àbújá ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní gbogbo Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òfin iná ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ní àjọ tiwọn. Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso náà lọ́dún 2024. Ọ̀yọ́ àti Èkó tẹ̀lé wọn.

Bí ìbéèrè bá ti wọlé, àjọ á kéde rẹ̀, á sọ iye ọjọ́ tí aráàlú ní láti fi kọ èrò wọn ránṣẹ́ àti ọjọ́ ìjókòó ìta gbangba. Bó ṣe rí ní Oṣù Keje 2023 nìyẹn, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná béèrè fún owó tuntun. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí owó yúníìtì kan fún àwọn Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wọn pẹ́ jù lójúmọ́, fi fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225.

Kí lẹ ó wá kọ? Ìbínú nìkan kò tó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbé ìṣirò kalẹ̀: owó gáàsì, iye dọ́là, iná tí wọ́n ń jí, owó wáyà àti tiransifọ́mà. Ẹ̀rí ló lè dá ìṣirò dúró, ọwọ́ yín sì ni ẹ̀rí wà. Ẹ mú ti wákàtí iná: ó kéré tán, wákàtí 20 lójúmọ́ ni ẹ̀tọ́ Band A. B jẹ́ 16, C 12, D 8, E 4. Kí ẹnì kan ládùúgbò máa kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ sínú ìwé fún oṣù kan gbáko. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣòro láti jiyàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà ló dùn mí jù. Àìmọye àdúgbò ló dáwó rà á, tí ilé-iṣẹ́ sì ń ti ara rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ wọn títí dòní. Ìlànà NERC ti 2015 ní kí àdúgbò àti ilé-iṣẹ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kí wọ́n tó náwó, kí ilé-iṣẹ́ lè dá owó náà padà. Ẹ fi rìsíìtì àti àwòrán mọ́ lẹ́tà yín, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ka tiransifọ́mà yín mọ́ dúkìá tiwọn.

Ẹjọ́ bílì àfojúdá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sí lára ohun tí ẹ ó kọ sínú lẹ́tà yìí. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà lẹ ó kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àjọ.

Níbi ìjókòó, àyè ọ̀rọ̀ kì í pọ̀. Kí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àti àwọn ayálégbé yan ẹnì kan, kí ó sọ kókó méjì péré. Bí ìpinnu bá jáde, ẹ ka ìdí tí àjọ fún un. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un wò.

Ní ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ẹni tí yóò máa kọ wákàtí iná sílẹ̀.