Bátìrì kékeré lábẹ́ ìjókòó alùpùpù: Ohun tó yẹ ní wíwò kí èèyàn tó náwó

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí bá bátìrì alùpùpù mu gan-an, pàápàá irú èyí tí àwọn tó ń tún máṣíìnì tò máa ń wá kiri: bátìrì fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gba àyè, tí wọ́n lè tì bọ abẹ́ ìjókòó kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Ní Kòsọ́fẹ́, ọ̀rọ̀ máṣíìnì ti ní ìtàn tiẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi de ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin. Ó kan Ìkòsì-Ìṣẹrì àti Agbóyì-Kétu tó wà lábẹ́ Kòsọ́fẹ́. Máṣíìnì tí kò rí èrò gbé mọ́, wọ́n lè tà á, wọ́n lè gbé e lọ sí ibòmíràn, ó sì lè jókòó sẹ́yìnkùlé títí ẹnì kan tó fẹ́ràn báìkì yóò fi rà á lówó pọ́ọ́kú. Onítọ̀hún á gé ìdí rẹ̀ kúrú, á yọ ike ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dànù, á ní kí wẹ́dà bá òun jó irin tuntun mọ́ ọn, á wá gbé ìjókòó pẹlẹbẹ lé e. Ibi tí irú báìkì bẹ́ẹ̀ lè gbà àti ibi tí kò lè gbà, òfin ni yóò sọ ìyẹn; ọ̀rọ̀ bátìrì ni tibí.

Lára Bajaj Boxer, tàbí Honda CG125 àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ láti Ṣáínà, ẹ̀yìn ike ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni bátìrì máa ń wà. Bí ike bá ti lọ, bátìrì yọ síta bí ìdodo. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ń tún báìkì tò fi máa ń jẹ́, "Èwo ló kéré jù?" Ìbéèrè yẹn ló sì ń gbówó lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ́ńjìnnì àti rẹgulétọ̀ ló yẹ kó yan bátìrì, àyè abẹ́ ìjókòó á wá tẹ̀ lé e.

Ta ló ń jí ẹ́ńjìnnì?

Iṣẹ́ tó wúwo jù lọ́rùn bátìrì ni yíyí ẹ́ńjìnnì nígbà tí èèyàn bá tẹ sítáátà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn, iná mànàmáná tí sítáátà ń fà ju ti gbogbo gílóòbù ara máṣíìnì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí tán, kọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń pèsè iná, bátìrì kàn ń gbà á pamọ́ ni, ó sì ń mú kó dúró déédéé.

Nítorí náà, báìkì tó ní kíìkì yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí sítáátà nìkan ń jí. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń jí i, bátìrì 12 volt tó jẹ́ 3Ah lè tó. Ah yìí ni ìwọ̀n iná tó wà nínú bátìrì: 3Ah, ní ìṣirò orí ìwé, lè fún èèyàn ní ampere kan fún wákàtí mẹ́ta. Ohun tó kù láti bi rewáyà ni ibi tí CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń dáná fún púlọ́ọ̀gì, ti ń rí iná jẹ. Àwọn kan ń gbà á tààrà lára kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn lè jí kódà tí bátìrì bá ti kú. Àwọn mìíràn ń gbà á lára bátìrì. Tí bátìrì bá kú, kíìkì títí ilẹ̀ á fi ṣú kò ní jí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò nípa yíyọ bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ volt lè fò sókè lójijì kó jó gílóòbù àti rẹgulétọ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ bátìrì kúrò pátápátá, wọ́n á so kapásítọ̀ ńlá rọ́pò rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lára báìkì oníkíìkì tí CDI rẹ̀ ń jẹ lára kọ́ìlì. Àmọ́ ẹ rò ó wò ná: ẹ́ńjìnnì kú lójijì láàárín alẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Mile 12, níbi tí tírélà tòmátì àti àlùbọ́sà ti ń yà wọlé. Kapásítọ̀ kò ní iná kankan nípamọ́ fún gílóòbù ẹ̀yìn. Bátìrì 3Ah tó kún lè tan gílóòbù ẹ̀yìn 5 watt fún ohun tó ju wákàtí márùn-ún lọ, kí dírẹ́bà tó ń bọ̀ lè rí i.

Báìkì tí kò ní kíìkì kò gba àwàdà rárá. Tó bá jẹ́ 8Ah ni iléeṣẹ́ fi sí i, tí ẹnì kan wá fi bátìrì òjé 3Ah rọ́pò rẹ̀ torí kó lè wọ ìdí ìjókòó, sítáátà á máa dún tà-tà-tà, á sì dákẹ́. Nọ́ńbà tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá lára bátìrì ni CCA, tó ń sọ agbára tó lè tì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kó má lọ sílẹ̀ ju ti èyí tí wọ́n yọ kúrò.

Nọ́ńbà ara bátìrì ń tan èèyàn

Bátìrì tí wọ́n kọ 12N7 sí lára jẹ́ 12 volt, 7Ah. Ìyẹn yé èèyàn. Àmọ́ YTX7A-BS kì í ṣe 7Ah, 6Ah ni. YTX9-BS jẹ́ 8Ah, YTX14-BS jẹ́ 12Ah, YTX4L-BS tó kéré jù nínú wọn sì jẹ́ 3Ah. BS tó gbẹ̀yìn ń sọ pé ìgò ásíìdì bá a wá lọ́tọ̀. Lẹ́tà L ní tirẹ̀ ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí orí pupa wà, torí bátìrì méjì lè rí bákan náà kí orí wọn yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá fi wáyà pupa sí orí dúdú lè jó rẹgulétọ̀ kó tó pajú dé.

Ní ti àyè, YTX4L-BS gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11.4, ó fẹ̀ tó 7.1, ó ga tó 8.6. YTX7A-BS jẹ́ 15 sí 8.7 sí 9.4. Kí wẹ́dà tó jó àpótí bátìrì, ó dáa kí wọ́n gé páálí sí ìwọ̀n yìí, kí wọ́n tì í sábẹ́ ìjókòó, kí wọ́n rántí pé wáyà àti bóòtù orí rẹ̀ náà ń gba àyè. Irin àpótí ọ̀hún kì í wọ́n. Ní Owódé Onírin, ègé irin pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àtúnjó ló ń ná èèyàn lówó. Kí rọ́bà sì wà láàárín bátìrì àti irin, kí gbígbọ̀n má baà fọ́ inú rẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Ooru ń pa bátìrì òjé: bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì lé sí i, ọjọ́ ayé bátìrì ń dín kù tó ìdajì.

Èyí tó ń gba omi gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kí rọ́bà èémí rẹ̀ sì dojú kọ ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ásíìdì á jẹ férémù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. AGM, tí ásíìdì rẹ̀ wà nínú òwú gíláàsì, lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ báìkì tí wọ́n ń tún tò, AGM ni kò ní yọ èèyàn lẹ́nu.

Lithium fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ kì í gba ìyà

Bátìrì òjé ti wà láti ọdún 1859 tí Gaston Planté, ará Faransé, ti ṣe é. Èyí tó ń bá a du ipò lára báìkì báyìí ni LiFePO4, irú lithium kan tí wúwo rẹ̀ kì í sábà ju ìdá mẹ́ta ti òjé lọ, tí agbára sítáátà rẹ̀ sì dáa. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń kọ 7Ah sí i lára, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ó lè jí ẹ́ńjìnnì bíi bátìrì òjé 7Ah. Èyí tó wà nínú rẹ̀ gan-an kì í tó bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn wá Wh lára rẹ̀, kó fi 12.8 pín in. Tí wọ́n bá kọ 24Wh, kò pé 2Ah. Ìyẹn lè jí báìkì dáadáa, àmọ́ kò lè tan iná iwájú 35 watt fún wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì bá kú.

Kí wọ́n tó ra lithium, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ rẹgulétọ̀ wò. Mítà kékeré tí rewáyà ń lò ti tó. Wọ́n á jí ẹ́ńjìnnì kó gbóná, wọ́n á fi mítà kan orí pupa àti orí dúdú, wọ́n á tẹ iná díẹ̀ sí i. Tó bá dúró láàárín 13.5 àti 14.5 volt, kò sí wàhálà. Tí kò bá kọjá 13, kò ṣáàjì dáadáa. Tó bá ń sún mọ́ 15, lithium kò gbọdọ̀ débẹ̀ títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹgulétọ̀. Máṣíìnì tó ti pẹ́ lórí ọ̀nà, tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹgulétọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyíkéyìí tí wọ́n rí, lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí pé ẹni tó ń gùn ún mọ̀, torí bátìrì òjé máa ń fara dà á fúngbà díẹ̀: omi rẹ̀ á máa hó, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Lithium kì í rùn kó tó ṣe tiẹ̀. Èyí tó dáa ní bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní BMS nínú, tó máa ń já iná tí volt bá pọ̀ jù. Gbogbo iná ara báìkì sì lè kú lórí eré.

Èyí tó burú jù ni bátìrì tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì láptọ́ọ̀pù àlòkù so pọ̀. Mẹ́ta tí wọ́n so tẹ̀ léra wọn kò gbọdọ̀ kọjá 12.6 volt. Rẹgulétọ̀ tó dáa ń tì ju 14 lọ sínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í ṣe LiFePO4, ó sì lè gbiná lábẹ́ ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì epo.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á

Bátìrì 3Ah fẹ́ ṣáàjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nǹkan bí 0.3 ampere, ìyẹn ìdá mẹ́wàá Ah rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì dánfó lẹ́bàá ọ̀nà á sè é ni. Tó bá sì jẹ́ tòkúnbọ̀ ni, kí mítà wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ sítáátà: tó bá já wálẹ̀ ju 9.6 volt lọ, kí wọ́n dá a padà.

Ọ̀pọ̀ máa ń so trákà mọ́ báìkì nítorí olè. Trákà tó ń fa 30 milliampere tọ̀sán-tòru ń jẹ 0.72Ah lójúmọ́. Bátìrì 3Ah á gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, bátìrì òjé tó bá sì gbẹ bẹ́ẹ̀ léraléra kì í padà bọ̀ sípò. Ẹni tó ń gùn ún ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan nílò bátìrì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, tàbí kó fi súìsì sí i.

Ti àlòkù ńkọ́? Òjé inú rẹ̀ lówó lórí, ó sì ní májèlé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ló kú láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì àlòkù láti yọ òjé inú rẹ̀. Àwọn tó ń ra àlòkù máa ń fi kílò wọ̀n ọ́n. Odindi ni kí wọ́n gbé e fún wọn, kí ásíìdì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.