Ẹ̀jẹ̀ Mọ Àlejò: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nídìí Ẹ̀rọ Ìfọ-ẹ̀jẹ̀

 

Kíndìnrín bàbá ti daṣẹ́ sílẹ̀, dókítà sì ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹbí sá sókè sá sódò títí wọ́n fi rówó. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí àyà ń dun bàbá, tí ẹ̀yìn ń ro wọ́n, tí èémí wọn kò já gaara. Wọ́n délé, wọ́n ní àwọn kò lọ mọ́. Àwọn kan ní ẹ̀rọ fẹ́ pa wọ́n, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Èyí ló mú wa gbé àlàyé yìí kalẹ̀, nítorí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá sá fún ìfọ-ẹ̀jẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Ọlọ́hun fi ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Lára wọn ni àwọn purotéènì tí àwọn onímọ̀ ń pè ní complement. Wọ́n lé ní 30, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, èyí tó ń jẹ́ C3 á là sí méjì. Apá kan á lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà bí àmì tí a fi ń mọ olè; apá kejì á máa ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Ara tiwa ní àmì onílé, ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í fi í bá a jà.

Asẹ́ inú ẹ̀rọ kò ní àmì onílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá tín-ín-rín bí irun ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ́ awọ wọn sílẹ̀, ó lè fẹ̀ tó ẹní ìkírun méjì, ẹ̀jẹ̀ á sì gba ibẹ̀ kọjá léraléra fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin.

Nígbà tí Willem Kolff kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Họ́láǹdì ní 1943, awọ cellophane tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì ló lò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, sẹ́lúlóòsì, ohun tí a ń rí lára òwú, ni wọ́n fi ń ṣe asẹ́. Lójú complement, irú awọ yìí jọ ara kòkòrò àrùn. Ní 1977, àwọn oníwádìí ní Minnesota, Amẹ́ríkà, fi hàn pé ó ń ta complement jí, pé sẹ́ẹ̀lì funfun á sì sáré lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tó padà. Àwọn asẹ́ òde òní, irú èyí tí wọ́n fi polysulfone ṣe, kì í bí ẹ̀jẹ̀ nínú tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò fura sí rárá. Òórùn gáàsì tí wọ́n fi pa kòkòrò lára asẹ́ náà lè ṣẹ́kù síbẹ̀, kó sì fa wàhálà.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹ sọ̀rọ̀ kíákíá. Bí àyà bá ń dun aláìsàn, tí ara ń yún un, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe asẹ́ nìkan ló ń fa àyà dídùn, ó lè jẹ́ ọkàn. Iṣẹ́ dókítà ni láti mọ̀ ọ́n. Súúrù kì í ṣe kí a dákẹ́ sórí ìrora.

Ẹ béèrè irú asẹ́ tí wọ́n lò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi omi iyọ̀ ṣàn án dáadáa kí wọ́n tó lò ó.

Ẹ ṣọ́ ìmọ́tótó. Rọ́bà tí wọ́n fi sí ọrùn tàbí àyà náà jẹ́ àlejò. Kòkòrò máa ń sá pamọ́ sára rẹ̀, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara kò ní ráyè wọn. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, ìbáà jẹ́ ìwẹ̀ jánábà. Ẹ bi àáfà yín bí a ṣe ń fọwọ́ pa orí ohun tí a fi di ojú ọgbẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé apá ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, kí ó fi ọṣẹ fọ apá náà kí wọ́n tó gún un.

Kí ààwẹ̀ Rámàdáánì tó dé, ẹ bá dókítà àti àáfà sọ̀rọ̀. Ẹ̀sìn wa ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn.

Ìjà tí ẹ̀jẹ̀ ń bá asẹ́ jà kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́hun fi síbẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú bàbá padà lọ, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì la ẹnu yín. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.