Kí ẹ tó kó màmá àgbà sínú bọ́ọ̀sì lọ wo omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ẹ má rò pé mo ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ o. Ibi ìgbafẹ́ gan-an ni mo ti rí ohun tó já mi láyà jù látìgbà tí mo ti ń wọ aṣọ funfun.

Àwọn ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa. Ẹ ó rí ọkọ̀ ńlá kan tó dà bí ilé, bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, sítóòfù wà, ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ wà, ilé ìtọ̀ kékeré náà wà. Wọ́n á háyà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á kó ìyàwó àtọmọ sínú ẹ̀, wọ́n á máa wà á lọ sí ẹ̀bá òkè àti etí omi. Bílẹ̀ bá ṣú, ààyè wà tí wọ́n ti pèsè fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á sùn sí. Nílẹ̀ wa níbí, a ò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn yín tó máa ní kẹ́ ẹ sun inú ọkọ̀ létí títì. Tiwa ni pé ká háyà bọ́ọ̀sì eléèyàn 14 tàbí 18, ká kó ẹbí sínú ẹ̀, ká gbé oúnjẹ dání, ká sì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìbátan. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ òyìnbó yẹn tí àwa kì í rántí, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa máa dán irú ẹ̀ wò, èèyàn 11 la gbéra láti Òṣogbo, ẹ yọ dẹ́rẹ́bà sílẹ̀. Ọkọ mi, èmi, ọmọ wa mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin àtàwọn ọmọ tiẹ̀ mẹ́ta, bàbá mi, àti ìyá ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Màámi. Màámi ti pé ẹni ọdún 74 nígbà náà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi ni nọ́ọ̀sì ilé, èmi ni mo di ẹrù oògùn. Mo di oògùn orí fífọ́, mo di báńdéèjì, mo di oògùn ibà, mo di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ mi tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ilé ìwòsàn la fẹ́ lọ ṣí ni.

Igbó Ọ̀ṣun la kọ́kọ́ yà sí láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Àwa tá à ń gbé Òṣogbo kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ibẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2005 ni àjọ UNESCO ti fi igbó náà sára àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹni tó bá rí àwọn ère tí Susanne Wenger, ìyẹn Àdùnní Olórìṣà tó kú lọ́dún 2009, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, á mọ ìdí ẹ̀. Ibòji igi wà níbẹ̀, àgbà lè rìn díẹ̀díẹ̀ kó sinmi. Ọ̀bọ ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀kan já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ àbúrò àwọn ọmọ mi, ká ní àpò oògùn ló dì mú ni, ọ̀rọ̀ ì bá di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, ẹ mọ̀ pé èrò á pọ̀, kò rọrùn fún ẹni tí orúnkún ń dùn.

Iléṣà la sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, a kọrí sí ọ̀nà Àkúrẹ́, a sì yà kúrò lójú títì ńlá lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí òkè. Ìpele méje ni omi náà ní. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akínlà, ọmọ ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn ọmọ ti sáré lọ síwájú, wọ́n ń pariwo nídìí omi ní ìpele àkọ́kọ́, bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. Màámi jókòó sórí òkúta, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wo ojú wọn, mo mọ̀ pé nǹkan ò dáa. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, òòyì sì ń kọ́ àwọn. Ètè wọn ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Mo so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá, ó gbé 214 lórí 120 wá. Mo ní bóyá ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè, mo tún un wò, bákan náà ni.

Mo tú àpò wọn, mo ka oògùn inú páálí. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí Màámi ti gbé ọ̀kan mì kẹ́yìn! Látìgbà tá a ti dájọ́ ìrìn àjò náà fún wọn ni wọ́n ti dá a dúró. Mo bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀. Wọ́n rọra fa etí mi mọ́ra kí dẹ́rẹ́bà má gbọ́, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí n tọ̀ ṣáá. Níbo lo fẹ́ kí n máa ká aṣọ sókè sí lójú títì, lójú àwọn ọmọ ọmọ mi? Mo ní kí n fara dà á títí a ó fi délé." Ìdí kan náà ni wọn ò fi mu omi látàárọ̀.

Ẹ wo bí ojú ṣe tì mí tó. Odidi nọ́ọ̀sì! Mo rántí báńdéèjì, n ò rántí ìtọ̀. Ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà la gbé Màámi lọ, ọjọ́ méjì la sì lò níbẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò já sí rọpá-rọsẹ̀. Ìkógòsì tá a fẹ́ tibẹ̀ lọ, a ò débẹ̀ lọ́dún náà.

Látìgbà yẹn, mo ti bi ọ̀pọ̀ àgbà tó ń wá sọ́dọ̀ wa léèrè, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn máa ń wá mú lọ sí Èkó tàbí Àbújá. Ẹ ò ní gbà gbọ́ iye wọn tó ń ṣe ohun tí Màámi ṣe. Wọ́n á dá oògùn dúró, wọ́n á fi òùngbẹ pa ara wọn, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń dá oògùn rẹ̀ dúró lójijì, ó lè fò sókè nínú ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ò mu omi nínú ooru bọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ki, òòyì á kọ́ ọ, á sì ṣubú nígbà tó bá dìde. Ẹ̀yin bàbá náà ò yọ sílẹ̀. Ẹni tí àìsàn prostate ń yọ lẹ́nu, tó wá ń há ìtọ̀ mọ́ra láti Òṣogbo títí dé Èkìtì, ìtọ̀ náà lè kọ̀ pátápátá nígbà tó bá fẹ́ tọ̀ ọ́.

Ohun tá a gbàgbé nínú ọkọ̀ òyìnbó nìyẹn o, ilé ìtọ̀. Kò sì gba owó. Póò oníke tó ní ìdérí ni mo rà, mo kó ìró àtijọ́ méjì àti okùn mọ́ ọn, mo fi omi, ọṣẹ àti bébà ìnudí sínú báàgì kan náà. Bí ọkọ̀ bá dúró níbi tó fara pamọ́, gbogbo ọkùnrin àtàwọn ọmọdé á sọ̀ kalẹ̀, a ó fi ìró ta bọ́ ojú fèrèsé, Màámi á ṣe tiwọn wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Kẹ́ ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n fojú ara wọn rí póò náà. Bí ẹ ò bá sọ, wọ́n á ti gbààwẹ̀ omi láti alẹ́ àná.

Ní ti oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín yí i padà. Ẹ lọ bá dókítà yín ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa lò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn, dípò àárọ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ṣe é ṣe, fún àwọn mìíràn, kò ṣe é ṣe, òun ló máa mọ̀. Kẹ́ ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ sí bébà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń pòórá láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn. Oògùn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó lé ni kẹ́ ẹ dì, ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú búùtù. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin fún ìtọ̀ ṣúgà, kó gbé e sínú fíláàsì tó tutù, àmọ́ kí yìnyín má kàn án lára, kó sì ní súìtì tàbí ṣúgà lápò bó bá ń gbọ̀n tó sì ń làágùn lójijì. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, ìnhélà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o láìwá a.

Ẹ má fi àgbà sí àga ẹ̀yìn pátápátá, ibẹ̀ ni gbogbo gálọ́ọ̀pù ti ń gbé èèyàn sọ. Ẹ fún wọn ní àga tí wọ́n ti lè na ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí méjì, kí ọkọ̀ dúró, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n rìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ká kò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá sì gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀rọ̀ ikú ni. Bí ojúgun kan ṣoṣo bá wú tó ń dunni, ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ò gùn. Mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì tó ti wà nínú kúlà gbígbóná látàárọ̀, bó bá di ọ̀sán, ẹ gbàgbé ẹ̀. Gàrí, ẹ̀pà, ẹyin tẹ́ ẹ sè láàárọ̀ ọjọ́ náà tẹ́ ẹ ò bó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìwọ̀nyẹn ò ní dójú tì yín. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 tẹ́ ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná èédú tàbí sítóòfù nínú ọkọ̀ nítorí òjò. Afẹ́fẹ́ búburú tó ń ti ara rẹ̀ jáde kì í rùn, oorun ló máa ń gbé èèyàn lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ rọ̀ yín lójú títì. Ààgo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ti wà níbi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn. Kẹ́ ẹ tó yan ọ̀nà, ẹ bi àwọn awakọ̀ tó ń ná an lójoojúmọ́ ní gáréèjì bí ààbò ṣe rí, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má lọ, ẹ má lọ. Ẹ wo ara táyà, nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 nìyẹn, èmi ò ní kó ọmọ mi sórí irú ẹ̀. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Ní Olúmirìn, àsìkò tó dáa jù lójú tèmi ni oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, omi ṣì pọ̀, òjò sì ti ń dẹwọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, omi á ti dín. Lásìkò òjò, àpáta máa ń yọ̀ bí ilá. Ìpele àkọ́kọ́ tó fún àgbà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtìjú mú wọn gun òkè. Kí àgbàlagbà kan máa wo ọmọdé tó wà nínú omi, kó má sì di fóònù mú. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, eṣinṣin dúdú kékeré kan ń gbé etí omi tó ń yára ṣàn nílẹ̀ wa, ọ̀sán ló ń jẹni, òun ló sì ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú kiri.

Ọdún tó tẹ̀ lé e la tó dé Ìkógòsì, tá a rí ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti ń pàdé omi tútù. Mo kìlọ̀ fún bàbá mi pé kó fi ìgbọ̀nwọ́ wo ooru omi kó tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, torí ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà kì í mọ ìgbà tó ń jó. Màámi lo oògùn wọn pé, wọ́n mu omi bí ọmọdé, wọ́n sì kọ̀ láti jáde nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ náà títí mo fi ní ó tó, kí wọ́n rọra dìde. Nígbà tá a fẹ́ máa bọ̀, a wá póò títí, a ò rí i. Àṣé Màámi ti fi ìró wé e, wọ́n ti gbé e sábẹ́ àga tiwọn, wọ́n ní ẹnì kankan ò ní gbàgbé póò àwọn sí Èkìtì.