Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Orúkọ Yín Jẹ Gbèsè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ṣe fọ́tòkópì ìwé NIN mi ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Òkè Bọ́lá. Èyí àkọ́kọ́ ò hàn dáadáa, ọmọ náà bá jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú un, mo fà á ya. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Lóṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative pariwo pé ìkànnì kan ń ta NIN àti BVN àwa ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà péré. Àjọ NIMC ní kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn.

Ẹni tó bá ní NIN yín lè fi orúkọ yín ṣe jìbìtì. Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa wá wá. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà yín sórí síìmù tuntun, òun ni OTP báńkì máa lọ bá.

Ẹ má sọ OTP fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má torí owó táṣẹ́rẹ́ ka NIN fún àlejò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣàdédé kúrò lórí fóònù yín nìkan, ẹ sáré pe báńkì.

Ẹ rẹ́rìn-ín mi tán, kẹ́ ẹ lọ wá ibi tí fọ́tòkópì tiyín wà.